Eré Méjì Tí Ó Wà Nínú Mọ́tò Onírìmóòtù

Mọ́tò onírìmóòtù ni orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn Yorùbá fún mọ́tò kékeré tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, èyí tí awakọ̀ rẹ̀ kì í wọ inú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, tí ó ń darí rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, sí ọ̀tún àti sí òsì. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹra fún ọ̀rọ̀ àyálò lè pè é ní ọkọ̀ àtòkèèrèdarí, ìyẹn ọkọ̀ tí a ń ti òkèèrè darí, gírámà èdè náà sì gbà á láyè, nítorí pé ìlànà tí ó bí àtọwọ́dá àti àtọ̀runwá ni ó bí òun náà. Síbẹ̀, mọ́tò onírìmóòtù ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé mú lò, nítorí pé oní- ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn nínú oníbátìrì àti onírédíò, àti pé ọ̀rọ̀ tí ọmọdé àti àgbà ti ń sọ kò nílò arọ́pò. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí eré náà ká ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, pàápàá àwọn tí ó jẹ mọ́ eré sísá, owó níná àti àyè rírí, nítorí pé ẹni tí ó bá ń lò wọ́n bí ó ti tọ́ yóò tètè mọ ibi tí ìgbádùn wà, bí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń dí.

Ilé-iṣẹ́ Elettronica Giocattoli ti ilẹ̀ Ítálì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú mọ́tò yìí jáde fún títà ní ọdún 1966, nígbà tí ó sì di ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ Tamiya ti ìlú Shizuoka ní Jàpáàn gbé Porsche 934 kékeré tirẹ̀ jáde, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn gígùn tí ilé-iṣẹ́ náà ní nínú eré yìí. Ìgbì rédíò ni rìmóòtù ń rán jáde, ẹ̀rọ kékeré kan nínú mọ́tò ń gbà á, ó sì ń fi àṣẹ náà yí táyà tàbí kí ó mú eré pọ̀ sí i. Ìṣòro kan wà níbi tí ọ̀rọ̀ mọ́tò fúnra rẹ̀ ti ní ìtumọ̀ méjì, nítorí pé Yorùbá ń fi í pe ọkọ̀ lódindi, àwọn tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ń fi í pe ẹ̀rọ oníná tí ń yí táyà. Kí oníbàárà má baà ra ohun tí kò fẹ́, ó sàn kí mọ́tò máa jẹ́ orúkọ ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ tí ń yí táyà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó dúró fún ọkọ̀ tí ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tilẹ̀ bá ọkọ̀ kékeré oníná yìí mu ju ọkọ̀ elépo tí a kọ́kọ́ fún ní orúkọ náà lọ, nítorí pé kò ní èéfín, ariwo rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ eré yìí, kò sí èyí tí ó yẹ fún àfiyèsí tó eré fúnra rẹ̀. Lẹ́tà kan náà àti ohùn kan náà ni a fi ń kọ eré tí a ń ṣe fún ìgbádùn àti eré tí a ń fi ẹsẹ̀ sá. Nínú ṣeré, èyí tí í ṣe àpapọ̀ ṣe àti eré, ìgbádùn ni ó wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ṣiré láti ara iré, láìsí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Nínú sáré, èyí tí í ṣe àpapọ̀ sá àti eré, ìyára ni ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ènìyàn bá ní eré mọ́tò òun kò tó, olùgbọ́ ní láti bi í léèrè eré tí ó ń sọ, nítorí pé mọ́tò lè ṣàìyára kí ó sì dùn ún fi ṣeré, ó sì lè yára débi pé kò ní ṣeé fi ṣeré mọ́. Eré àsápajúdé, tí àwọn oníròyìn ń fi bá àwọn awakọ̀ wí lójú pópó, wúlò níhìn-ín pẹ̀lú, nítorí pé bí ìyára mọ́tò bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń kọlu ògiri yóò di ìlọ́po mẹ́rin, apá tí ó di táyà mú yóò kán, owó yóò sì jáde lápò.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere ni mọ́tò méjì tí Tamiya gbé jáde ní ọdún 1984, tí ìwọ̀n àwọn méjèèjì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi. Orúkọ èkíní ni Grasshopper, ìyẹn tata. Orúkọ èkejì ni Hornet, ìyẹn agbọ́n, tí òǹkàwé kò gbọdọ̀ pè ní agbọ̀n tí a fi ń kó ẹrù. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń pè ní 380 ni wọ́n fi sínú tata, 540 tí ó lágbára jù ú lọ ni wọ́n sì fi sínú agbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àgọ́ ara àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà. Agbọ́n ni eré rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn fẹ́ràn tata pẹ̀lú, èyí tí a ṣe fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, débi pé lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún ilé-iṣẹ́ náà tún gbé e jáde. Ẹni tí ó bá fi mọ́tò tí kò yára jù kọ́ bí a ti ń yí kọ́nà láìdojúdé yóò ṣeré pẹ́ ju ẹni tí ó kó owó lé ìyára lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní ìlànà tirẹ̀. Ná olóhùn òkè ni a ń lò fún owó, nà olóhùn ìsàlẹ̀ ni a ń lò fún ọmọ tàbí ẹran tí a fi ẹgba lù, ná olóhùn òkè yìí kan náà ni a sì ń lò nígbà tí oníbàárà bá ń bẹ ọlọ́jà pé kó dín iye owó ọjà kù. Láti ara ná ni a ti rí ìnáwó, èyí tí ó ti di orúkọ ayẹyẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá sọ pé òun ń ṣe ìnáwó lórí mọ́tò onírìmóòtù lè mú kí àwọn aládùúgbò máa retí oúnjẹ. Owó tí ó jáde láìnídìí ni ìnákúnàá, àpà sì ni ẹni tí ń ná an bẹ́ẹ̀. Ahun ni òdìkejì àpà, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a pe ẹni tí ń ṣọ́wó ná ní ahun, nítorí pé ahun kì í fẹ́ ná owó rárá, nígbà tí ẹni tí ń ṣún owó ná mọ iye tí ó ní, tí ó sì ń pín in sí ibi tí ó yẹ. Ṣún yìí náà ni ó wà nínú ètò ìṣúná tí àwọn ìwé ìròyìn ń kọ nípa ìjọba, kò sì sí ohun tí ó ní kí olóṣù má ní ètò ìṣúná fún eré tirẹ̀.

Òwe kan wà tí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn eré yìí lè tètè fi gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, òun ni èyí tí ó sọ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìfaradà nínú iṣẹ́ tí ó le ni òwe náà ń kọ́ni, nítorí pé iṣẹ́ ni a ń fi àáké ṣe. Àṣìlò ni bí ènìyàn bá fi í gbe ìnákúnàá lẹ́yìn. Èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ mu ni ohun tó wuni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, nítorí pé ó gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń náwó lé, ó sì tún fi hàn pé bí ohun kan bá pọ̀ níbẹ̀, ohun mìíràn yóò dínkù níbòmíràn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ sì wà fún ẹni tí ń wá ibi tí yóò fi owó kékeré sí: ọ̀pọ̀ mọ́tò tí a ń tò fúnra ẹni máa ń wá pẹ̀lú òrùka ike líle níbi tí ọ̀pá táyà ti ń yí, bí a bá sì fi bíárìn dípò wọn, ìyẹn òrùka irin tí ó ní ọta róbótó kéékèèké nínú, mọ́tò yóò máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, bátìrì yóò pẹ́ díẹ̀ sí i, iye tí a ná kò sì ní tó ti ẹ́ńjìnnì tuntun.

Ní ti bátìrì, ó yẹ kí a ya iná rẹ̀ ti tán sọ́tọ̀ kúrò lára ó ti kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo èkejì fún méjèèjì. Bátìrì tí iná rẹ̀ tán yóò gba ṣáàjì padà. Èyí tí ó kú kò ní gbà á mọ́. Lára bátìrì lítíọ́mù tí a ń pè ní LiPo, ààlà àárín méjèèjì kò jìnnà rárá. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ kún nígbà tí ó bá dé fóltì 4.2, bí a bá sì ń lò ó títí tí ó fi lọ sílẹ̀ ju fóltì 3 lọ, ó lè bàjẹ́ pátápátá. Bí a kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bíi fóltì 3.8 ni a ń fi í sí kó tó wọ àpótí. Bátìrì tí ó bá wú kò ṣeé ṣáàjì mọ́, nítorí pé ó lè gbiná, kò sì sí èyí tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ lórí iná láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, yálà ó wú tàbí kò wú. Ẹni tí ó bá ní ìdílé, tí kò sì ráyè máa wo fóltì, lè lo irú bátìrì mìíràn, NiMH fóltì 7.2, èyí tí ó wúwo ju LiPo lọ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ẹlẹgẹ́ tó o.

Ráyè yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá fi ń sọ nípa àkókò tí kò tó, ó sì dára ju n kò ní àkókò tí ó ń wọ èdè náà látinú Gẹ̀ẹ́sì lọ. Rí àyè ni ó di ráyè, àyè yìí sì yàtọ̀ sí ayé tí a ń gbé. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ọwọ́ ni ó dí. Bí iṣẹ́ bá tán, ọwọ́ ni ó dilẹ̀. Èdè náà kò sì mọ bí a ti ń ná àkókò, nítorí pé owó ni a ń ná, wákàtí ni a ń lò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń dí lè máà ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ogún ìṣẹ́jú yìí sì sún mọ́ iye tí bátìrì kan sábà máa ń gbé. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn eré ti àná ni ó ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn yanrìn kúrò lára mọ́tò, tí ó sì ti di bóòtù tí ó tú, eré ni yóò fi gbogbo àyè náà ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé mọ́tò márùn-ún ni ó ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fẹ́ àtúnṣe, àyè náà yóò tán sórí àtúnṣe, nítorí náà mọ́tò kan tí ó wà ní ìmúrasílẹ̀ sàn fún un.

Àlòkù àti tòkunbọ̀ wà fún ẹni tí kò lè ra tuntun. Àlòkù ni ohun tí ẹlòmíràn ti lò tí ó sì kù, níbikíbi tí ó bá ti wá. Tòkunbọ̀ ni àlòkù tí ó ti òkè òkun dé, orúkọ tí a ti kọ́kọ́ ń fún ọmọ tí a bí sí òkèèrè kí ó tó di orúkọ ọjà. Kì í ṣe ohun ìtìjú láti lò wọ́n, nítorí pé nígbà tí àwọn ará Èkó bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, Alájọ Ṣómólú, ẹni tí ó ta mọ́tò tí ó fi ra kẹ̀kẹ́, ni wọ́n máa ń fi í wé, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ni ó bá iṣẹ́ àjọ gbígbà láti ilé dé ilé mu.

Níbi ríra àti títà yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀. Rà, tà, tò àti kùn jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé wọn gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn wọn yóò di ti àárín, a ó sì kọ ra mọ́tò, ta mọ́tò, to mọ́tò, kun mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ni ó tẹ̀ lé wọn, ohùn ìsàlẹ̀ náà yóò padà: rà á, tà á, tò ó, kùn ún. Ná kò sí lára wọn nítorí pé olóhùn òkè ni, a sì ń kọ ná an pẹ̀lú ohùn àárín lórí arọ́pò-orúkọ rẹ̀. Tú pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni, tú u ni a ń kọ, òun sì ni òdìkejì tò, ẹni tí ó bá sì to mọ́tò fúnra rẹ̀ yóò mọ bí a ti ń tú u nígbà tí apá rẹ̀ bá kán, kò sì ní sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá a tún un ṣe. Ní ti kùn, ike tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni wọ́n sábà fi ń ṣe ìbòrí mọ́tò náà, inú ìbòrí yìí ni a sì ti ń kùn ún, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọ̀dà má baà bó nígbà tí mọ́tò bá dojúdé tí ó ń wọ́ nílẹ̀. Àwọ̀ tí a bá fẹ́ kí ó hàn níwájú ni a ń kọ́kọ́ kùn, èyí tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a ń fi parí.