Àpótí Ìmọ̀: Mùsíọ́ọ̀mù Tuntun Lórí Ògiri Àtijọ́

Ilé tuntun bá àyíká rẹ̀ mu nígbà tí ayàwòrán-ilé bá kọ́kọ́ yẹ ohun tó ti wà nílẹ̀ wò, tó sì jẹ́ kó darí iṣẹ́ òun. Kì í ṣe àfarawé.

Àpẹẹrẹ: mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà Kolumba, nílùú Cologne, ní Jámánì, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2007. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì ló wó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Peter Zumthor, ayàwòrán-ilé tó ya mùsíọ́ọ̀mù náà, kò palẹ̀ àwókù náà mọ́. Orí ògiri tó ṣẹ́kù gan-an ló to bíríkì pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú lé, ó sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè máa dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí òkúta àtijọ́ ti pàdé bíríkì tuntun hàn kedere. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.