Ṣọ́ọ̀kì Ọkọ̀ Tó Ti Gbó

Bí ọkọ̀ bá ti ń gbó ni ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ náà ń gbó. Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń jó sókè sódò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ṣọ́ọ̀kì igun yẹn ti lọ. Bí òróró bá ń jò lára rẹ̀, ó ti lọ náà nìyẹn.

Ẹ má ṣe sọ pé, "Ó ṣáà ń rìn." Ṣọ́ọ̀kì ló ń jẹ́ kí táyà di ilẹ̀ mú. Táyà tí ń fò kì í gbọ́ ti bíréèkì. Bí ọmọ bá já sójú títì ńkọ́?

Nígbà tí a bá ń lọ ra òmíràn, ẹ jẹ́ kí a rántí nǹkan mẹ́ta:

1. Kí a mọ orúkọ ọkọ̀ wa àti ọdún tí wọ́n ṣe é.

2. Kí a rà á ní méjì-méjì: iwájú méjì, tàbí ẹ̀yìn méjì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ tuntun, tí èkejì gbó, ọkọ̀ kò ní dúró déédéé.

3. Tòkunbọ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹlòmíràn ti lò ó. A kò lè mọ ìgbà tí yóò lọ. Bí agbára bá ká a, tuntun ni kí a rà.

Owó á tún wá. Ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́jà.