Bí Ẹ Bá Fẹ́ Ṣèwádìí Ẹ̀sìn ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà sọ iye Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ìkànìyàn ọdún 1963 ni wọ́n ti béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kẹ́yìn; ti 1991 àti ti 2006 kò béèrè rẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ ṣe ń bá owó ilé, àìsàn, ìgbéyàwó àti òwò pàdé ní Máfolúkù, Ṣógúnlé, Òkòtà tàbí Ìlasàmàjà, àfi kó fẹsẹ̀ rìn ín. Irú iṣẹ́ yìí ni àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní próójẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ni mo kọ èyí fún, àti ọmọ àdúgbò tí kò sí ní yunifásítì kankan, ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wà lákọsílẹ̀.

Ẹ má fi “ẹ̀sìn ní Òṣòdì” ṣe àkọlé. Ẹ máa rìn títí, ẹ ò ní rí ìdí rẹ̀. Ẹ wá ìbéèrè kan tí ọwọ́ yín ká. Nínú ilé tí bàbá ti jẹ́ Mùsùlùmí tí ìyá sì jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ta ló ń pinnu bí ìsọmọlórúkọ ṣe máa lọ? Àwọn tó ń tajà nítòsí afárá Òṣòdì, ibo ni wọ́n ti ń kírun nígbà tí ọjà bá gbóná? Nígbà tí ìjọba kó àwọn ọlọ́jà kúrò lójú ọ̀nà ní Òṣòdì ní 2009, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ àdúrà wọn? Ìbéèrè kẹta yìí ló jẹ mí lógún jù, torí àwọn tó lè dáhùn rẹ̀ ń dàgbà, wọ́n sì ti fọ́n ká.

Kí ẹ tó jáde, ẹ kàwé. Geoffrey Parrinder, tó kọ́ni ní Ìbàdàn, ti tẹ ìwé jáde ní 1953 lórí ẹ̀sìn nínú ìlú Ìbàdàn, tó fi mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ sínú ìwé kan náà. E. Bọ́lájí Ìdòwú tẹ *Olódùmarè* jáde ní 1962 lórí ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa ka ẹyọ kan péré, ẹ ka *Aladura* tí J.D.Y. Peel gbé jáde ní 1968 lórí àwọn ìjọ aládùúrà. Ìwé náà máa kọ́ yín láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà tí ìgbàgbọ́ tuntun bá yọjú. Fún àpẹẹrẹ, ní 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa èèyàn, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti gbàdúrà. Ara gbòǹgbò ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi nìyẹn. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Séráfù níbẹ̀. Ẹni tó bá ka wàásù nìkan, tí kò béèrè ohun tó ń pa àwọn èèyàn nígbà náà, kò ní mọ ìdí tí àdúrà ìwòsàn fi gba ọkàn wọn.

Lára iṣẹ́ àìpẹ́, ẹ wo èyí tí Yunifásítì Birmingham àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jọ ṣe, tí Insa Nolte darí, lórí bí onírúurú ẹlẹ́sìn ṣe ń gbé pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé wọn lórí ìlú Ẹdẹ jáde ní 2017. Ẹdẹ kì í ṣe Ìsọlọ̀, àmọ́ ẹ lè yá ìbéèrè wọn lò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ gba àyè. Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú lẹ́tà láti ẹ̀ka yín dání, kí ẹ sì rí i pé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ yín ti fọwọ́ sí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé ìjọ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, òun ni yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀ tàbí wòlíì. Ní mọ́ṣáláṣí, ẹ lọ bá lèmọ́mù, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú fo ìyá àdínì, olórí àwọn obìnrin níbẹ̀. Bí ìyá àdínì kò bá gbọ́, àwọn obìnrin kò ní bá yín sọ̀rọ̀. Ní ìjọ Sẹ̀lẹ́, bàtà kì í wọlé, ọkùnrin àti obìnrin kì í jókòó pọ̀, obìnrin tó bá wà nínú nǹkan oṣù rẹ̀ kì í sì í wọ inú ilé àdúrà. Ẹ béèrè gbogbo èyí ṣáájú, kí ojú má tì yín ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ má ka ọjọ́ Àìkú sí ti Kìrìsìtẹ́nì nìkan: láti 1995 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT sílẹ̀ ní Èkó ni àwọn Mùsùlùmí púpọ̀ ti ń lọ sí àsàlátù, ìpàdé àdúrà, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ sì wá àwọn oníṣẹ̀ṣe lọ. Ìwádìí tó bá fò wọ́n, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ìwádìí ẹ̀sìn, kò pé.

Nínú ìsìn, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré kọ ni wàásù. Ó dára, ẹ kọ ọ́, ẹ kọ ẹsẹ Bíbélì tàbí áyà Kùránì tí wọ́n kà, kí ẹ sì ṣàmì sí àpẹẹrẹ tí oníwàásù lò: ṣé onílé tó fowó kún owó ilé ni, ṣé físà ni, ṣé àgàn? Àmọ́ ìgbà ìkéde gan-an ni kí ẹ tẹ́tí jù. Inú ìkéde ni ẹ ó ti gbọ́ ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, iye owó dísù tó kù láti san, ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, opó tí wọ́n ń dáwó fún, dókítà tó ń bọ̀ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa pa bírò dé nígbà tí ìkéde bá bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí ibẹ̀ ni ìjọ ti ń sọ fúnra rẹ̀ ohun tó ń bá àdúgbò ṣe. Ẹ tọ́jú ìwé ìkéde oṣù mẹ́ta léra wọn bí wọ́n bá gbà yín láyè, kí ẹ wo ohun tó ń tún ara rẹ̀ sọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò, ẹ má béèrè pé “Ṣé ẹ gbà pé àdúrà ń wo àìsàn?” Ìdáhùn tó bá yẹ ọmọ ìjọ rere ni wọ́n máa fún yín. Ẹ béèrè pé: “Ìyá, ìgbà tí ara ọmọ yín kò yá kẹ́yìn, ibo lẹ kọ́kọ́ gbé e lọ? Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ta ló bá yín lọ?” Ẹ ó gbọ́ pé wọ́n dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, ọ̀dọ̀ wòlíì, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsọlọ̀, àti ọ̀dọ̀ ìyá alágbo, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣe pàtàkì máa ń tẹ̀ lé ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè náà kí ẹ tó túmọ̀. Ní Òkòtà àti àdúgbò Ágó, ẹ ó nílò ẹni tó gbọ́ Ígbò. Ariwo ibùdókọ̀ kò jẹ́ kó ṣeé gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ mú àsìkò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ariwo ilé ìjọsìn, kí ẹ ṣọ́ra. LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń dáàbò bo àyíká, ti ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa ní Èkó nítorí gbohùngbohùn. Ẹ bi olórí ìjọ, kí ẹ sì bi aládùúgbò tí kò rí oorun sùn, kí ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ẹ má ṣe bí ẹni tó fẹ́ darapọ̀ mọ́ ìjọ kí ẹ lè rí àṣírí gbọ́; irọ́ ni. Ẹ ṣàlàyé ìwádìí náà fún olúkúlùkù, kí ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó lè kọ̀, ó sì lè dáwọ́ dúró nígbàkigbà. Ẹ yí orúkọ padà. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ẹ̀sìn ẹni mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra gidi, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti fóònù tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀. Ọmọdé kò ṣeé fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ gbà.

Tí ẹ bá parí, ẹ padà lọ. Ẹ kọ ojú ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Yorùbá tó já gaara, ẹ kà á sétí àwọn tó fún yín lọ́rọ̀, kí ẹ sì gba àtúnṣe wọn sínú iṣẹ́ náà kí ẹ tó fi í sílẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ tàbí lèmọ́mù, kí ẹ kọ ọjọ́, oṣù, ọdún àti orúkọ àdúgbò sí iwájú rẹ̀, kí ẹni tó bá tún wá ṣèwádìí lẹ́yìn ogún ọdún lè mọ ibi tí ẹ ti dé.