Awò tí ń Wo Inú Sẹ́ẹ̀lì Láàyè: Ẹ̀kọ́ fún Olóko Kòkó

Ẹ̀yin olóko kòkó wa, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú ní ìgbà òjò. Kí àbàwọ́n tó hàn sí yín, ọ̀tá ti wọ inú èso. Báwo ni a ṣe lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Ara ohun ọ̀gbìn kún fún àwọn yàrá tíntìntín tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Awò asọ-ohun-kékeré-di-ńlá ti àtijọ́ lè fi wọ́n hàn wá, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ń ti òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí a ń wò wá a máa sọ àwòrán di bàìbàì. Ní ọdún 1957, Marvin Minsky, ará Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n tuntun kalẹ̀. Ó fi ihò bíńtín sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ojú ibi tí a ń wò nìkan ni yóò kọjá.

Ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo ni ihò kan lè wò lẹ́ẹ̀kan. Kí ó tó wo gbogbo sẹ́ẹ̀lì tán, ohun tí ń rìn nínú rẹ̀ ti ṣípò padà. Ní ọdún 1968, Mojmír Petráň, Milan Hadravský àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn awò tí ó ní àwo pẹlẹbẹ oníhò púpọ̀ tí ń yí bírí. Lónìí, irú awò bẹ́ẹ̀ lè ya àwòrán tí ó ju 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìpa sẹ́ẹ̀lì náà.

Kí ni irú awò yìí fi hàn? Bí ọ̀tá tí ó jẹ́ ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ti kòkó bá ń ti ògiri sẹ́ẹ̀lì ewé, ohun inú sẹ́ẹ̀lì a máa ṣàn lọ síbẹ̀, bí ará ilé tí ń sáré lọ di ìlẹ̀kùn mú lójú olè. Bí olè bá ti wọlé tán, ìjà di ìjà inú iyàrá.

Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti pàdé rẹ̀:

1. Inú omi ni irúgbìn àrùn yìí ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó pọ̀ jù, kí afẹ́fẹ́ lè tètè gbẹ èso.

2. Ẹ máa já èso tí ó ti dúdú kúrò lórí igi lóòrèkóòrè.

3. Oògùn tí a fi bàbà ṣe, ara èèpo ni ó ti ń ṣọ́nà. Ẹ fín in kí àrùn tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí ìwé ara rẹ̀ ti wí.

Ohun tí ojú yín kò rí ni ó ń ba kòkó jẹ́. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ojú bá rí i.