ILÉ ỌTÍ TITUN NÍ ÀDÚGBÒ



Nígbà tí a bá ṣí ilé ọtí titun sí àdúgbò, kò sí ẹni tí a ń ròyìn rẹ̀ fún. Orin yóò ti máa dún láti ìrọ̀lẹ́, a ó to àga sí etí òpópónà, iná aláràbarà yóò máa ṣẹ́jú, òórùn ọbẹ̀ ata ẹja arọ̀ yóò sì gba ojú ọ̀nà kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rẹ́ yóò ti wí fún ọ̀rẹ́ pé, “Ẹ jẹ́ kí a lọ wo ibẹ̀ ná.” Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ti pè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lọ, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀ lórí àga tí wọ́n jókòó sí. Àwọn kan kọ̀, wọ́n sì ń dá àwọn tí ó lọ lẹ́jọ́. Ó yẹ kí a mọ ohun tí Ìjọ Mímọ́ fi kọ́ni lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìgbàgbọ́ tí kò ní ìmọ̀ a máa sọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, a sì máa fo ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ gan-an dá.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wọ ilé ọtí, kí a sì mu ọtí níbẹ̀? Rárá o. Àjàrà, ọkà bàbà àti ọ̀pẹ, ẹ̀dá Ọlọ́run ni wọ́n, ohun tí a sì fi ọgbọ́n ṣe láti ara wọn kò burú nínú ara rẹ̀. Olúwa wa sọ omi di wáìnì ní Kánà ti Gálílì, nínú ìkòkò òkúta 6, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ará gbé péjọ láti yọ̀. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ gba Tímótì nímọ̀ràn pé kí ó lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ìwé Sírákì, tí ó wà nínú Bíbélì tiwa tí kò sì sí nínú ti ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa, yin wáìnì tí a mu níwọ̀n nínú orí 31, ó sì bú èyí tí a mu ní àmujù. Wáìnì náà sì ni àlùfáà ń lò lórí pẹpẹ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ìjọ mìíràn bá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àgùdà kò kọ ọtí, kí a má ṣe bínú. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Kìkì pé kí a má ṣe fi òtítọ́ náà ṣe aṣọ ìbora fún ìwà tí kò tọ́.

Ibo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Tómásì Mímọ́ ti Aquino, olùkọ́ ńlá nínú Ìjọ, ya ìbéèrè kan sọ́tọ̀ fún ìmutípara nínú ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Summa Theologiae. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ pé ohun tí òun ń mu le, tí ó sì pa á, kò dẹ́ṣẹ̀. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí fún Nóà. Ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń mu ún jù, ṣùgbọ́n tí kò rò pé ó lè pa òun, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré lè jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ọtí náà le, tí ó mọ̀ pé òun ti kọjá ìwọ̀n, tí ó sì yàn láti pa ọgbọ́n orí rẹ̀ kú dípò kí ó gbé ife sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, nítorí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ju ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹranko nù. Ẹ fi èyí wo páráàgà tí a ń fi egbò àti èèpo igi ṣe, tí a kì í mọ bí ọtí inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, a lè sọ pé a kò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ńkọ́?

Ohun tí ó ń gbé ènìyàn ṣubú nínú ilé ọtí kì í sábà jẹ́ ọtí fúnra rẹ̀. Àṣà tí a fi ń mu ún ni. Ọ̀rẹ́ 5 jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ ra ìgò kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wọn. Ojú ń ti ẹnì kejì bí kò bá ra tirẹ̀, ojú sì ń ti ẹnì kẹta. Báyìí ni yóò ṣe yí ká, títí olúkúlùkù yóò fi mu ìgò 5, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ti ilé pinnu láti mu ju 2 lọ. Owó tí ó bá a lọ, a kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ìyàwó tí ń retí owó oúnjẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọtí náà. Ìgò bíà ńlá ti ilẹ̀ wa gba sẹ̀ǹtílítà 60. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ògidì ọtí inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 24. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn kì í sábà lè mú ju nǹkan bíi gíráàmù 8 kúrò ní wákàtí kan, omi tútù tàbí kọfí kò sì lè mú un yára. Ìgò kan gba wákàtí 3, ìgò 5 gba 15. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní agogo 7 alẹ́ Sátidé, ó di agogo 10 òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kí ara rẹ̀ tó mọ́. Ta ni ó wá bá wa ṣe Misa ní òwúrọ̀ náà, òun tàbí ọtí?

Àwọn arúgbó wa lè rántí ìgbà tí ẹni tí yóò gba Ara Olúwa kò gbọdọ̀ jẹ, kò sì gbọdọ̀ mu, láti ọ̀gànjọ́ òru. Ní 1957, Pópù Pius XII sọ àwẹ̀ náà di wákàtí 3 fún oúnjẹ àti ọtí, wákàtí 1 fún ohun mímu mìíràn. Ní 1964, Pópù Paul VI sọ gbogbo rẹ̀ di wákàtí 1, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí di òní, àfi omi àti oògùn tí kò ba àwẹ̀ jẹ́. Lójú tèmi, òfin àtijọ́ yẹn lé ọkùnrin púpọ̀ wálé ní alẹ́ Sátidé. Òfin ti rọ̀, ṣùgbọ́n Ẹni tí a ń gbà kò yí padà. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: ní ọjọ́ Ẹtì nínú àwẹ̀ Lẹ́ńtì, ọbẹ̀ ata ẹja arọ̀ kò ní èèwọ̀, ti ẹran ewúrẹ́ ni ó ní.)

Nípa ọ̀rẹ́, ẹ gbọ́ ìtàn Matt Talbot, ará Dublin ní ilẹ̀ Áyálándì, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fadá SMA tí ó kọ́ àwọn bàbá wa ti wá. A bí i ní 1856. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣòwò ọtí, kò sì pẹ́ tí ó fi di ọ̀mùtí. Bí ó bá gba owó iṣẹ́, ilé ọtí ni ó ń ná an sí, fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ọ̀rẹ́, nítorí ó lawọ́. Ní 1884, kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kò sì ní owó. Ó dúró ní ojú ọ̀nà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbà lọ sí ilé ọtí lẹ́yìn tí wọ́n gbowó. Wọ́n kí i, wọ́n sì kọjá lọ; kò sí ẹnìkan tí ó pè é wọlé. Ó padà sílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò jẹ́jẹ̀ẹ́, ó sì tọ àlùfáà lọ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ oṣù 3. Kò lè gbàgbọ́ pé òun yóò pa oṣù 3 náà mọ́. Ó fi ọdún 41 pa á mọ́. Misa àárọ̀ kùtù ni ó fi rọ́pò ilé ọtí, kò sì jẹ́ kí owó wà lápò òun bí ó bá ń jáde, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yà. Ní oṣù kẹfà 1925, ó ṣubú lójú ọ̀nà bí ó ti ń lọ sí Misa, ó sì kú. Ní 1975 ni Pópù Paul VI kéde rẹ̀ ní Ẹni Ọ̀wọ̀.

Mo rò pé irú Matt Talbot bẹ́ẹ̀ wà láàárín wa, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọtí sílẹ̀, tí ó ń ka ọjọ́. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Bí ẹgbẹ́ bá ń lọ sí ilé ọtí titun, a kò gbọdọ̀ fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Bí ó bá sì wà níbẹ̀ tí ó bèèrè ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí a rà á fún un láìrẹ́rìn-ín, kí a má sì ṣe fi bíà lọ̀ ọ́ rárá. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé ó dára kí a má tilẹ̀ mu wáìnì bí ó bá lè mú arákùnrin wa kọsẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọmọdé tàbí obìnrin pe ọkùnrin tí kò mu ọtí, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Ó ń ti ọkàn kan padà sínú kòtò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè láti inú rẹ̀.

Katikísìmù Ìjọ, ní ẹsẹ̀ 2290, ka ẹni tí ó mutí yó tí ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn wéwu lójú ọ̀nà sí ẹlẹ́bi ńlá. Ọlọ́kadà wà nínú èyí bí onímọ́tò.

Ó ku ẹni tí ó ṣí ilé ọtí náà. Ó lè jẹ́ ọmọ ìjọ wa, bóyá opó tí ó ń fi èrè rẹ̀ tọ́ ọmọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú burúkú wò ó nígbà tí ó bá wá gba Ara Olúwa. Iṣẹ́ rẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ta ọtí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí tí ó gbé ìgò mìíràn ka iwájú ẹni tí ojú rẹ̀ ti ṣú, ó ti bá a pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Kí ó gba owó ohun tí ó ti mu, kí ó fún un ní omi àti àga tí kò sún mọ́ títì, kí ó sì ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀ kí wọ́n wá mú un.