Ohun Tó Wà Nínú Àwo Ìyá Rẹ

Àjàní ọmọ mi,

  O ní ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi, ti rù, pé kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn ilé yín ní àdúgbò Rumuola tán, wọ́n á ti dúró sinmi, àti pé ife tíì ti ń fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. O wá ní ọjọ́ ogbó ló dé. Mi ò gbà. Ogbó dé lóòótọ́, àmọ́ oúnjẹ wọn ń dá kún un.

Ògì láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, tíì àti búrẹ́dì lálẹ́: ikùn kún, iṣan ò rí nǹkan jẹ. Bí èèyàn bá ti ń dàgbà, ara rẹ̀ kì í tètè fi oúnjẹ mọ iṣan mọ́, nítorí náà ló ṣe nílò ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ju ọ̀dọ́ lọ. Ní 2013, àwọn onímọ̀ dámọ̀ràn pé kí àgbàlagbà máa jẹ èròjà amúaradàgbà tó wà nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, gíráàmù 1 sí 1.2 lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Ẹni tó wọ̀n kílò 60 yóò nílò ó kéré tán gíráàmù 60. Èyí tó wà nínú ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 lọ.

Ní 2001, Dókítà Linda Fried àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ka àmì márùn-ún tí wọ́n fi ń mọ àgbàlagbà tí agbára rẹ̀ ti ń tán: kí èèyàn rù láìgbèrò rẹ̀, kí ó máa rẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ má lágbára, kí ìrìn falẹ̀, kí ó má fẹ́ dìde ṣe nǹkan. Bí mẹ́ta bá pé, ara ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Nínú ọ̀rọ̀ rẹ, mo ka mẹ́ta.

Dókítà ìyá rẹ ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò ní kí wọ́n má jẹ ẹja. Etí odò lẹ kúkú ń gbé! Ẹ ra ẹja tútù, ẹ yọ egungun rẹ̀. Ẹ lọ edé sínú mọ́ínmọ́ín, ẹ po mílíìkì mọ́ ògì. Ti àárọ̀ ni kí ẹ mú ní pàtàkì, torí ibẹ̀ ni àwo wọn ti ṣófo jù. Bí eyín bá ń dùn wọ́n, ẹ gbé wọn lọ fún dókítà eyín. Bí kíndìnrín wọn bá ní àìsàn, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

Mo sì mọ ẹ̀gbọ́n mi: ẹja tí ẹ bá gbé síwájú wọn, ọmọ yín kékeré ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ bọ́ ọmọ náà yó ná, kí ìwọ tàbí ìyàwó rẹ wá jókòó tì wọ́n jẹun.

Kí wọ́n máa rìn pẹ̀lú, kí wọ́n máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í. Ní Boston, ìwádìí kan tó jáde ní 1994 fi hàn pé àwọn arúgbó tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 87 ní ìpíndọ́gba tún lágbára sí i nígbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ṣe eré ìdárayá. Àfikún oúnjẹ nìkan kò ṣe é.

Gbé wọn lórí ìwọ̀n lọ́sẹ̀ yìí, kí o fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lóṣù tó ń bọ̀, màá tún béèrè.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ ní Ìbàdàn