Kí Ẹ Tó Gbé Ẹ̀rọ Ìṣirò Jáde

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì, mo ń rí yín: ẹ ó ṣí Excel sílẹ̀, ẹ ó tún gbé ẹ̀rọ ìṣirò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ro owó pọ̀. Kí ló dé? Láti 1985 tí Microsoft ti gbé e jáde ni ìṣirò ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ àwọn iye náà, ẹ tẹ Alt àti = pọ̀, kí ẹ tẹ Enter. Ó parí.

Nọ́ńbà fóònù ló ń bí mi nínú jù. Bí ẹ bá tẹ 0803 àti ìyókù rẹ̀ wọlé lásán, Excel yóò rò pé iye owó ni, yóò sì gé òdo iwájú dànù. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ yan gbogbo òpó náà, kí ẹ sọ ọ́ di Text. Ọjọ́ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀: lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò bíi ti Amẹ́ríkà, 3/4 kì í ṣe ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Ẹ kúkú kọ orúkọ oṣù.

Lẹ́tà igba ènìyàn ńkọ́? Mail Merge wà nínú Word. Yóò kó orúkọ tí ẹ ti tò sínú Excel wọ inú lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. (Àwọn ọ̀gá kan á ní ọ̀lẹ ni yín. Ẹ má dá wọn lóhùn.)

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó fún kọ́ọ̀sì kankan, ẹ tẹ F1 ná. Ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.